Ìyá Tó Wà Nínú Ìwé Aláwọ̀ Ewé

Fọláyọ̀ ò mọ̀ pé ìyá tó bí bàbá Làsísì lọ́mọ ni bàbá náà ń wá kí níbẹ̀. Ká ní ó mọ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá má dà báyìí. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán ní mọ́ṣáláṣí tó wà lápá Dópẹ̀mú, bàbá á wọ ilé-ìkàwé náà wá tòun ti jalabíà funfun rẹ̀, á kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, á wá kí Fọláyọ̀ nídìí tábìlì. "Ìyá oníwèé, ẹ kú iṣẹ́ o." Fọláyọ̀ á ní, "Ẹ káàsán, bàbá. Ẹ kú Jímọ̀ o." Bàbá á gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lọ, á fa ìwé kan yọ, á jókòó tì í díẹ̀, á dá a padà síbi tó ti mú un, á sì máa lọ ní tirẹ̀. Kì í yá ìwé lọ sílé. Kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Nínú ilé tí àwọn ọmọ iléèwé ti ń sùn lé tábìlì nítorí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ, ta ló máa bi irú bàbá bẹ́ẹ̀ pé kí lẹ wá ṣe?

Ẹ jẹ́ n sọ irú ẹni tí Fọláyọ̀ jẹ́ kẹ́ ẹ tó dá a lẹ́jọ́, torí mo mọ̀ yín. Ọmọ Ìkọ̀lé nílẹ̀ Èkìtì ni. Láti ìgbà omidan rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìkàwé iléèwé iṣẹ́ ọwọ́ kan tó wà láàárín Agége sí Ìkẹjà, níbi tí ariwo ẹ̀rọ iléeṣẹ́ kì í ti í dákẹ́. Kátálọ́ọ̀gù ni iṣẹ́ tirẹ̀. Inú kátálọ́ọ̀gù yìí la máa ń kọ gbogbo ìwé tó wà nínú ilé sí: ta ló kọ ọ́, ìgbà wo ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, orí pẹpẹ wo ló wà. Ìwé tí kò bá sí nínú rẹ̀, kò sí nìyẹn, bó tiẹ̀ wà lórí pẹpẹ tó ń wò yín lójú. Orí káàdì inú dúrọ́ọ̀ ni Fọláyọ̀ ti kọ́ iṣẹ́ náà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ó lè gbàgbé orúkọ aládùúgbò rẹ̀ ní Òjòdù, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá dárúkọ ìwé fún un, ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Èwo nínú wọn?" Ó mọ̀ pé ìwé kan náà lè jáde lẹ́ẹ̀mejì, kí ohun tó wà nínú èkíní má sí nínú èkejì.

Nígbà tí ìwé orí kọ̀ǹpútà wá dé, iṣẹ́ mìíràn tún jáde. Wọ́n ní kí wọ́n máa so ìwé orí pẹpẹ mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ tó wà lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹni tó bá wá ọ̀kan lè rí méjèèjì pọ̀. Ẹ ó máa rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni. Ẹ dán an wò! Nọ́ńbà gbọọrọ kan máa ń wà lẹ́yìn ìwé. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló yẹ kí ó ni nọ́ńbà kan, bí wọ́n bá ti tún ìwé ṣe, nọ́ńbà tuntun ló yẹ kí wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n àwọn ilé ìtẹ̀wé àdúgbò wa yìí, ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n. Wọ́n á gé ìdajì ìwé dànù, wọ́n á yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, nọ́ńbà àtijọ́ náà ni wọ́n á tún lẹ̀ mọ́ ọn. Ìwà ọ̀lẹ lásán ni. Fọláyọ̀ ti mú wọn títí. Ìdí nìyẹn tó fi ní òfin tirẹ̀: kò ní so ìwé méjì pọ̀ láìjẹ́ pé ó kó méjèèjì síwájú, kó ṣí ìbẹ̀rẹ̀, kó ṣí àárín, kó ṣí ìparí. Bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ bá fẹ́ fò ó, ohùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé kan. "Ṣé o ṣí i? Mo ní, ṣé o ṣí i?" Àwọn tó ń kàwé á máa rẹ́rìn-ín. Bàbá Làsísì nídìí fèrèsé pàápàá á gbójú sókè, á rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá tuntun wá dé, Déolú lorúkọ rẹ̀. Ẹ má bínú sí Déolú o, ọmọ náà ò burú. Àyè ni kò sí. Ó fẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ṣe yàrá kọ̀ǹpútà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ní kí gbogbo ìwé tó bá ti ní ẹnìkejì lórí kọ̀ǹpútà, tí ẹnikẹ́ni ò sì yá láti ọdún pípẹ́, máa lọ. Ó gbé ẹ̀rọ kan wá tó ń fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Bí nọ́ńbà bá dọ́gba, àmì àwọ̀ ewé á yọ, ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ á kàn tẹ̀ ẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó parí. Àwọn ọ̀dọ́ ń tẹ̀ ẹ́ lọ ràì. Fọláyọ̀ ní tirẹ̀ ṣì ń ṣí ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé jígí rẹ̀ sókè, ó ń gbé e sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń ṣèpàdé, Déolú ní, "Àwa ti jẹun tán o, Mọ̀mí ṣì ń ṣí ìdérí ìkòkò wò." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Fọláyọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Àwàdà ni, ta ni kò mọ̀ pé àwàdà ni? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá a délé, ó bá a dórí ibùsùn. Ó ti ń múra àtifẹ̀yìn tì, ó wá ń rò ó pé ṣé bí wọ́n ṣe máa rántí òun nìyí, ìyá arúgbó tó ń fà bí ìgbín. Ó dùn ún. Kí n má tàn yín, ó dùn ún wọra.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, Fọláyọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Àmì àwọ̀ ewé yọ, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ní kò sẹ́ni tó yá a rí, ó jù ú sínú páálí. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, páálí ti ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Déolú kọjá, ó dúró, ó pàtẹ́wọ́. "Háà, Mọ̀mí! Ẹ ti fi gbogbo wa sẹ́yìn lónìí o." Ẹ ò bá rí bí inú ìyá yìí ṣe dùn. Ó rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi dí.

Ìgbà yẹn gan-an ni ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé aláwọ̀ ewé ni, ìlà pupa wà lẹ́yìn rẹ̀, ìtàn bí obì ṣe sọ Agége di ìlú ńlá ló wà nínú rẹ̀, olùkọ́ kan tó ti di olóògbé ló kọ ọ́. Fọláyọ̀ mọ ilé tó tẹ̀ ẹ́. Ó ti mú ilé ìtẹ̀wé yẹn gan-an ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àtàńpàkò rẹ̀ tiẹ̀ ti wà létí ìwé, ó kù kó ṣí i. Ṣùgbọ́n Déolú dúró níbẹ̀ tó ń pàtẹ́wọ́. Ó wo ẹ̀rọ, àmì ti yọ. Ó jù ú sínú páálí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá Làsísì dé, ó kí ẹ̀ṣọ́, ó kí Fọláyọ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lọ. Pẹpẹ ti ṣófo. Ó dúró síbẹ̀ díẹ̀, ó fi ọwọ́ pa orí pẹpẹ náà, ó wá padà wá sídìí tábìlì.

"Ìyá oníwèé, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ kó ìyá mi lọ?"

Fọláyọ̀ rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. "Ìyá yín bí ti báwo, bàbá?"

"Ìyá mi, Sùlíyá. Inú ìwé aláwọ̀ ewé tó ní ìlà pupa ni wọ́n wà. Ìdí fèrèsé níbẹ̀ yẹn ni wọ́n ń gbé."

Ibẹ̀ ló ti wá ṣàlàyé. Wẹ́dà ni bàbá kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Ilé kéwú nìkan ló lọ, kò mọ ìwé òyìnbó kà. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá rẹ̀ ti wá sí Agége, nígbà tí obì ń mówó wọlé, iṣẹ́ dídi obì sínú apẹ̀rẹ̀ fún àwọn tó ń kó o lọ sókè Ọya ni wọ́n ń ṣe. Ìyá yìí kórìíra fọ́tò, wọn ò yà á rí, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ rí àwọn kó wá sílé. Olùkọ́ tó ń kọ ìwé yẹn ló bẹ̀ wọ́n, ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n wá gbà kó ya àwọn sínú ìwé náà lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n ti kú kí ìwé náà tó jáde. Làsísì ò ju ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lọ nígbà náà. Ó ti dàgbà kí ẹnì kan tó fi ìwé náà hàn án, tó sọ fún un pé ó wà ní ilé-ìkàwé yìí. Àtìgbà yẹn ló ti ń wá.

"Mi ò tiẹ̀ kì í wá ojú ìwé náà mọ́," bàbá ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo ti ṣí i títí ó ti mọ̀ mí. Bí mo bá ti gbé e kalẹ̀, fúnra rẹ̀ ló ń là sí ojú wọn."

Fọláyọ̀ mí kanlẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pátápátá. "Ẹ má mikàn, bàbá. Wọn ò lọ síbì kankan, wọ́n ti wọ inú kọ̀ǹpútà. Ẹ wá jókòó." Ó fa àga fún un, ó wá ìwé náà jáde. Àkọlé kan náà, orúkọ olùkọ́ náà, nọ́ńbà náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ojú ìwé rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Bàbá sún mọ́ ọn, ó tẹjú mọ́ ibẹ̀. "Ẹ máa lọ, wọ́n wà níwájú. Ẹ máa lọ." Fọláyọ̀ ń lọ. Ọ̀rọ̀ ni, ọ̀rọ̀ ni, kò sí àwòrán kankan. Lójijì, ojú ìwé tán. Ẹ̀yìn ìwé ló kù.

"Ẹ ti sáré kọjá wọn," ni bàbá wí. "Ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀."

Fọláyọ̀ padà. Ó tún lọ. Ó tún padà. Ó lọ sí ẹ̀yìn ojú ìwé àkọ́kọ́, ibi tó yẹ kó wò kó tó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó wà níbẹ̀ kedere pé àwọn ọmọ olóògbé ló tún ìwé náà tẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n ti ké e kúrú, wọ́n sì ti yọ àwọn àwòrán àti orí tó sọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó ń di obì kúrò. Mo gbé, Fọláyọ̀ wí nínú ara rẹ̀. Mo gbé o.

"Bàbá, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ẹ padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. Mo máa wá wọn rí fún yín."

Bàbá dìde. Kò fura sí nǹkan kan. "Kò burú. Ẹ ṣáà bá mi kí wọn."

Bó ṣe jáde báyìí, Fọláyọ̀ gbé báàgì rẹ̀, kò sọ fún Déolú, ó forí lé Dópẹ̀mú. Mukhtar ló máa ń ra bébà àtijọ́ lọ́wọ́ wọn, àárín àwọn àpò bébà ló ti bá a. Mukhtar kí i tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó ní kó jókòó. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ń wá, ó mi orí. "Mọ̀mí, ọjọ́ Mọ́ńdè ni mọ́tò ti kó gbogbo ẹ̀ lọ síléeṣẹ́. Kí ló dé tẹ́ ò tètè wá?" Fọláyọ̀ gba iléeṣẹ́ náà lọ ní Ìkẹjà, ibi tí wọ́n ti ń fi bébà àtijọ́ ṣe kíréètì ẹyin. Ó bẹ àwọn ẹ̀ṣọ́ títí wọ́n fi jẹ́ kó wọlé. Ọkùnrin kan mú un dé ẹnu agbada ńlá tí wọ́n ń po bébà sí. Gbogbo ìwé tó ti kọjá ní ọwọ́ rẹ̀ ti di ògì níbẹ̀, ó ń yí, ó ń yí. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, kíréètì tútù wà ní ìlà, wọ́n ń gbẹ. Fọláyọ̀ dúró, ó wò wọ́n. Ọkùnrin náà bi í pé ṣé ó fẹ́ ra kíréètì ni.

Kò sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Ó pe gbogbo ilé-ìkàwé tó mọ̀, títí kan àwọn tí kò bá sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tí ìjà lórí káàdì àtijọ́ inú dúrọ́ọ̀ ti pín wọn níyà. Àwọn kan ní ẹ̀dà tuntun, àwọn kan ò ní rárá. Ó wá àwọn ọmọ olóògbé rí. Wọ́n ní àwọn àwòrán náà ti bá àwọn ẹrù bàbá àwọn lọ nígbà tí wọ́n ta ilé. Ó wá bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí bàbá Làsísì kò fi fi fóònù ya ojú ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ó gbójú sókè, ó rí ìdáhùn lára ògiri. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ya ìwé dípò kí wọ́n kà á: ẸNIKẸ́NI Ò GBỌ́DỌ̀ FI FÓÒNÙ YA ÌWÉ NÍBÍ. Ẹ̀ṣọ́ sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni, bàbá béèrè lọ́jọ́ kan, òun sì fi ìkìlọ̀ náà hàn án. Bàbá ní kò burú, ṣebí wọ́n wà níbẹ̀, òun á máa wá.

Nígbà tó sọ ọ́ fún Déolú, ọmọkùnrin náà yíjú sí ẹ̀rọ. Ó ní, "Mọ̀mí, ẹ̀rọ ló ṣe é." Fọláyọ̀ ní, "Ẹ̀rọ ò mọ ilé ìtẹ̀wé náà. Èmi mọ̀ ọ́n." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó jókòó, ó tú ìwé méjèèjì kúrò lára ara wọn nínú kátálọ́ọ̀gù, ó sì kọ ẹ̀dà àkọ́kọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀. Síwájú orúkọ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé kò sí lọ́wọ́ wa mọ́.

Jímọ̀ pé. Bàbá dé, ó kí ẹ̀ṣọ́, ó kí i. Fọláyọ̀ dìde dúró kó tó sọ ọ́. Kò fi nǹkan kan bò. Bàbá gbọ́ ọ títí dé òpin, ó ń fi ọwọ́ pa ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀síbà rẹ̀. Ká ní ó pariwo ni, ká ní ó bú u, ì bá san fún Fọláyọ̀. Ohun tó sọ ò ju pé, "Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n." Ó wá jókòó.

"Bàbá," Fọláyọ̀ wí, "àyè wà nínú kátálọ́ọ̀gù tí a lè kọ ohun tó wà nínú ìwé sí. Ẹ jẹ́ ká kọ àwòrán náà síbẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀la á mọ̀ pé wọ́n wà. Ẹ máa sọ ọ́, màá máa tẹ̀ ẹ́."

Ojú bàbá là díẹ̀. Ó sún àga mọ́ ọn. Ó ní orí àpótí ni wọ́n jókòó sí, lábẹ́ àtíbàbà. Fọláyọ̀ ń tẹ̀ ẹ́. Apẹ̀rẹ̀ obì wà níwájú wọn, ewé wà nílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Wọ́n da ìborùn bo èjìká. Ọwọ́ wọn kan wà létí apẹ̀rẹ̀, wọ́n fi èkejì di ewé mú. Ó ń sọ ọ́ geere, Fọláyọ̀ tiẹ̀ ń sáré tẹ̀ lé e.

"Ojú wọn ńkọ́, bàbá?"

"Ojú wọn..." Bàbá la ẹnu, ó pa á dé. Ó di ojú, ó ń wá a. "Ojú wọn. Wọ́n... ẹ dúró ná." Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó tún gbé e kúrò. Nígbà tó la ojú, ẹ̀rù wà nínú rẹ̀, ẹ̀rù gidi, ti ẹni tó na ọwọ́ sí àpò tí kò bá nǹkan kan níbẹ̀. "Mi ò há wọn sórí. Mo mọ̀ pé mo máa rí wọn ní Jímọ̀. Ìwé ló ń bá mi tọ́jú wọn."

Bàbá wá yíjú sí i, ìrètí tún ti dé sójú rẹ̀, èyí ló sì burú jù.

"Ìyá oníwèé, ẹ̀yin lẹ mú ìwé náà gbẹ̀yìn. Mo sì ti ń gbọ́ yín láti ọjọ́ yìí, ẹ kì í jẹ́ kí ìwé kọjá lọ́wọ́ yín láìṣí i. Ojú wọn ló sì máa ń là sí. Ẹ rí wọn. Ẹ sọ ọ́ fún mi, ṣé wọ́n rẹ́rìn-ín ni?"

Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ ò rí bó ṣe rọrùn tó láti wí? Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu Fọláyọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí kọ̀ǹpútà, bàbá sì ń wò ó, ó ń dúró.

"Mi ò ṣí i, bàbá," ó wí.